Ajá Ńlá Nínú Ọgbà Kékeré

 A mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹlòmíràn ti ọjà Ìkòtún dé, ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìyánà-Ìpájà ni, kò tíì fi ẹnu kan oúnjẹ. A kò ní pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nínú kíláàsì alẹ́ wa, gbogbo èèyàn ni ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ni ajá jẹ́ tí àgbàlagbà yóò fi jókòó tì í? Ṣùgbọ́n kí a tó túká lálẹ́ ọjọ́ náà, díẹ̀ ló kù kí onílé kan àti ayálégbé rẹ̀ méjì wọ̀yá ìjà. Ìgbà náà ni a mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ohun tí ó fà á nìyí. Onílé ní òun ti sanwó ajá kan, Boerboel ni wọ́n ń pè é, òun yóò sì fi sí ẹ̀yìn géètì kí olè má baà yọ òun lẹ́nu mọ́. Olè ti fọ ilé náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ayálégbé ní àwọn kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé irú ajá bẹ́ẹ̀ a máa pa ènìyàn, àti pé àwọn ní ọmọ kéékèèké. Onílé ní irọ́ ni, kò sí ajá búburú, àfi ẹni tí kò mọ ajá í tọ́. Ta ni ó jàre nínú wọn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a ń gbé ná. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn lọ́dún 2006, iye tí wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà, wọ́n ní àwọn ka ènìyàn tí ó lé ní 2,000,000. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́, nínú ìwé méjèèjì kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Èkó tí èrò rẹ̀ tó tiwa. Kí ni ìtumọ̀ èyí? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé wa sún mọ́ra. Ògiri ẹnì kan ni ògiri ẹnì kejì. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ìdílé mẹ́jọ lè máa gba ẹnu géètì kan ṣoṣo wọlé. Ọmọ ń sáré bọ̀ láti ilé ìwé, ẹni tó ń ta omi ń wọlé, ẹni tó wá gba owó àjọ ń kan ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn ni ajá yìí yóò máa wò.

Àwọn àgbà ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. A máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe ohun méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé òwe tì, kí a wo ajá gan-an. Ajá mọ ẹni tí ń fún un lóúnjẹ. Ó mọ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti onílé, àlejò ni ayálégbé inú yàrá kẹfà jẹ́ lójú rẹ̀, ìbáà ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bí ayálégbé náà bá ti ìsọ́-òru dé ní agogo mọ́kànlá, tí ó tan iná tọ́ọ̀ṣì, kí ni ajá yóò rò? Olè ni yóò pè é. Ajá kò ṣẹ̀, ayálégbé kò ṣẹ̀. Ojúlé ló pọ̀ jù fún ajá kan.

A kì í ṣe àlejò ajá ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọdẹ kò lè ṣe kó má ní ajá. Ògún gan-an, ajá ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn bàbá wa a tilẹ̀ máa fi orúkọ ajá bá ọ̀tá wí: wọn a sọ ajá ní gbólóhùn kan, wọn a sì máa pè é kíkankíkan nígbà tí aládùúgbò tí wọ́n ń bá jà bá ń kọjá. Ẹni tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí kò lè bínú, nítorí ajá ni wọ́n pè. Ọgbọ́n ni wọ́n! Ṣùgbọ́n ajá ayé ìgbà náà kì í wà lórí ìdè. Ó ń rìn káàkiri agbo ilé, gbogbo ọmọdé mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ wọ́n láti kékeré.

Àwọn ajá tí a ń rà báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Òkèèrè ni wọ́n ti wá, olúkúlùkù wọn sì ní iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ tọ́ baba ńlá rẹ̀. Rottweiler, ìlú Rottweil ní ilẹ̀ Jámánì ni ó ti gba orúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti da màlúù lọ sí ọjà, kí ó sì máa fa kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn alápatà. Boerboel, ilẹ̀ South Africa ni tirẹ̀, níbi tí oko kan lè fẹ̀ tó abúlé mẹ́ta; ajá àwọn àgbẹ̀ ni. Caucasian tí irun bò bí àgùntàn, orí òkè tí òtútù pọ̀ ni ó ti wá, níbi tí ó ti ń gba àgùntàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìkookò. Nísinsìnyí a mú un wá sí Ẹ̀gbẹ́dá, nínú oòrùn March, nínú ọgbà tí kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ, a so ó mọ́ ẹsẹ̀ jẹnẹrétọ̀. Àbí ẹ̀yin náà bá wà nípò rẹ̀, ṣé inú yín yóò dùn?

Ẹ tún wo ti ìwọ̀n. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà mọ bí ó ti wúwo tó. Akọ Boerboel tó bá dàgbà dáadáa a máa wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò sìmẹ́ńtì tó ní eyín, tó sì lè sáré! Oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú kò kéré. Àwọn kan ra ajá nígbà tí owó wà, nígbà tí owó tán wọ́n ń fi omi ẹ̀bà bọ́ ọ.

Wàyí o, ìjà tó wà láàárín onílé àti ayálégbé yẹn, gbogbo ayé ló ń jà á. Lọ́dún 1991 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó ka irú ajá mẹ́rin léèwọ̀: Pit Bull Terrier, Tosa ti ilẹ̀ Japan, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro. Nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ, wọ́n fi ìkarùn-ún kún un, èyí tí wọ́n ń pè ní XL Bully, nítorí pé ó ti pa ènìyàn. Láti ọjọ́ 1 February 2024, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ní XL Bully ní England àti Wales. Àwọn èèyàn wa tí ń gbé ní Peckham wà lábẹ́ òfin yìí bí àwọn onílẹ̀. Ẹni tó bá sì gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ fi okùn fà á ní ìta gbangba, kí ó dí i lẹ́nu, kí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí ó sì san owó adójútòfò, kí owó lè wà bí ajá náà bá ṣe ènìyàn léṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òdìkejì. Ilẹ̀ Netherlands náà ka Pit Bull léèwọ̀ lọ́dún 1993. Wọ́n ṣe é fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́dún 2008 wọ́n fagi lé òfin náà, nítorí wọ́n rí i pé iye ènìyàn tí ajá ń gé jẹ kò dín kù. Àwọn ajá mìíràn ṣáà ń gé èèyàn jẹ.

Orúkọ burúkú náà máa ń ti ọ̀dọ̀ ènìyàn wá nígbà mìíràn. Ajá Alsatian tí àwọn ọlọ́pàá máa ń lò, ajá àwọn darandaran Jámánì ni, orúkọ Jámánì ló sì ń jẹ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Jámánì sétí, wọ́n bá sọ ajá náà ní Alsatian. Ajá kan náà ni o, eyín kan náà ni.

Nítorí náà, lójú tiwa, olúkúlùkù àwọn tó ń jà lálẹ́ ọjọ́ yẹn di apá kan òótọ́ mú. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ẹni tó ń tọ́ ajá ni ìwà rẹ̀ wà jù lọ. Ajá tí a so láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ọmọdé ń sọ lókò, tí a fi ebi pa kó lè le, yóò le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí olè nìkan. Òótọ́ tún ni pé ajá kì í dọ́gba. Bí ajá kékeré bá gé àgbàlagbà jẹ lẹ́sẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó fi ìrora mọ. Bí ajá tó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì bá gbé ọmọ ọdún mẹ́ta ṣánlẹ̀, kí àwọn ará ilé tó dé ibẹ̀, ó lè ti bọ́. Ẹni tó bá ra ẹranko bẹ́ẹ̀ kò lè wí pé ajá bíi ti gbogbo èèyàn ni òun ní.

A ṣì ń jiyàn yìí lọ́wọ́ nígbà tí ohun kan ṣẹlẹ̀. Kò tíì pé oṣù kan sí alẹ́ tí a wí yìí. Ìyá kan nínú kíláàsì wa, tí ń dín àkàrà ní ìyànà, ń bọ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ajá gé e jẹ ní ojúgun. Ajá wo? Kì í ṣe Boerboel o. Ajá ilẹ̀ wa ni, Bingo tí gbogbo àdúgbò ń ju egungun fún, tí ìyá náà fúnra rẹ̀ ti fún ní àkàrà jíjó kò lóǹkà. Kò sí ẹni tó ní i. Kò sí ẹni tó fún un ní abẹ́rẹ́ rí. A ti tẹ́ ojú mọ́ ajá ńlá ẹ̀yìn géètì títí, a kò wo èyí tó ń sùn lábẹ́ bẹ́ǹṣì wa.

Wọ́n gbé ìyá náà wọlé tọ̀ wá wá. Ẹnì kan ti gbé epo pupa dé. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fá irun ajá náà, kí wọ́n jó o, kí wọ́n fi sí ojú ọgbẹ́. A ní rárá. A ní kí wọ́n gbé ọṣẹ àti omi wá, kí wọ́n máa da omi sí i, kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ti ń ka agogo ni ó di agogo mú, kò jẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró kó tó pé. Ìyá náà ń ké, ṣùgbọ́n bàbá náà kò gbà.

Ìdí tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni dìgbòlugi. Ẹ ti gbọ́ orúkọ ajá dìgbòlugi láti kékeré. Àìsàn ni, kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Inú itọ́ ajá ni ó wà. Bí ajá bá gé ni jẹ, itọ́ náà yóò gba ojú ọgbẹ́ wọlé, yóò máa rin ìrìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ó lè gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta kó tó fi ara hàn, nígbà mìíràn ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè pẹ́ tó ọdún kan. Ọgbẹ́ yóò ti jinná, aláìsàn yóò ti gbàgbé. Bí ó bá ti fi ara hàn, tí ẹni náà ń bẹ̀rù omi, tí kò lè gbé nǹkan mì, ó ti bọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí í yè é. Àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé ènìyàn bí 59,000 ni ó ń pa lọ́dún kan káàkiri ayé, púpọ̀ nínú wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà, ọwọ́ ajá ni ó sì ti ń ràn wọ́n jù lọ. Nínú ènìyàn 10 tí ẹranko tí a fura sí gé jẹ, àwọn 4 ni ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15.

Ọṣẹ àti omi ń fọ púpọ̀ nínú itọ́ náà kúrò. Epo àti ata kò fọ nǹkan kan kúrò. Lẹ́yìn ọṣẹ, ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Àwa ará Alímọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgàndò. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò tó. A óò gba ọ̀kan lọ́jọ́ tí a dé, òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ méje, yóò sì tún ku bí dókítà bá ti wí. Ẹ má ṣe dá a dúró ní agbede méjì nítorí pé ara ti le. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin kan tí ajá gé jẹ ní abẹ́rẹ́ yìí ní ilẹ̀ Faransé, tí ọmọ náà kò sì kú, ni a ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ti Bingo, àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ lókùúta pa kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n rò pé àwọn ran ìyá náà lọ́wọ́ ni. Wọn kò mọ̀ pé ajá tó bá ṣeé mú, ńṣe ni a ń tì í mọ́lé, tí a ń ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí dókítà ẹranko ń wò ó. Bí ó bá wà láàyè tí ara rẹ̀ sì yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, a jẹ́ pé kò sí àìsàn náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé ni jẹ, dókítà sì lè dá ìyókù abẹ́rẹ́ dúró. Wọ́n ti pa ẹlẹ́rìí. Ìyá alákàrà ní láti gba gbogbo rẹ̀ tán. Ta ni yóò san owó? Ajá kò ní olówó. Kíláàsì ló dá owó jọ, àwọn ará ìyànà fi kún un. Ó ti yè, ẹ ń wò ó níwájú yìí, ó ń bínú sí wa pé a sọ ọ̀rọ̀ òun.

Ọ̀rọ̀ olówó ajá yìí ni a wá gbé lé orí tábìlì. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù ilẹ̀ Nàìjíríà wí pé ẹni tí ohun kan bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ìbáà ní ẹ̀mí, ìbáà má ní, tí ohun náà sì lè pa ènìyàn lára bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ojúṣe onítọ̀hún ni láti tọ́jú rẹ̀ kó má baà ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Bí ó bá ṣe aláìnáání, òun ni a óò bi. Onílé kò lè wí pé, “Ṣebí mo ti kọ ọ́ sí ara géètì.”

Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ sọ ti géètì yẹn. Ẹ̀yin náà ti rí i káàkiri Ìdímù àti Ìkòtún, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kí èèyàn ṣọ́ra, ajá ń bẹ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ta ni wọ́n ń kọ ọ́ fún? Ẹni tó ń ta omi kò gbọ́ ọ. Ìyá arúgbó tó wá wo ọmọ rẹ̀ láti Ìbàdàn kò gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ olè nìkan ló kàwé dé ibẹ̀! Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́.” Òun ló kọ ti ilé onílé wa, ní Yorùbá, ní lẹ́tà gàgàrà: ẸSẸ̀ DÚRÓ. AJÁ Ń BẸ. Ó gbàgbé àmì orí lẹ́tà kan, a padà lọ fi sí i.

Onílé náà mú Boerboel rẹ̀ wá ṣá. Ọmọ ajá ni nígbà náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ariwo, ó gbà láti ṣe àgò onírin fún un ní ẹ̀yìnkùlé. Inú àgò ni yóò wà lọ́sàn-án, kò ní jáde títí gbogbo ayálégbé yóò fi wọlé lálẹ́, ẹni tó bá sì máa pẹ́ yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láago. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé méjèèjì gbà bẹ́ẹ̀. Èkejì kò gbà, ó kó lọ sí Akọ̀wọ́njọ nígbà tí owó ilé rẹ̀ parí. A kò dá a lẹ́bi. Ó ní ìbejì ọlọ́dún méjì.

Ajá náà ní káàdì. Nígbà tí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta ni a ti í gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń gba abẹ́rẹ́ yìí fún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ ní àsìkò ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, tí í ṣe ọjọ́ 28 September. Ẹ máa tẹ́tí sí rédíò nígbà náà. Bí ajá 70 nínú ajá 100 ní àdúgbò bá gba abẹ́rẹ́, àìsàn náà kò ní rí ọ̀nà rìn mọ́. Ẹ wo ìdí tí a fi ní kí ẹ kọ́ bí a ti ń ka ọjọ́ àti oṣù. Bí alájá bá na káàdì sí yín, tí ó ní ajá òun ti gba abẹ́rẹ́, ẹ máa wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Ọ̀kan nínú yín ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó rí i pé ọdún 2019 ni ọjọ́ tó wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pẹ̀lú. Bí ajá bá dojú kọ wọ́n, kí wọ́n má sáré, kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n dúró gbọn-in bí igi, kí wọ́n má wò ó lójú. Kí wọ́n má sún mọ́ ajá tó ń jẹun, tàbí èyí tó ń sùn, tàbí abiyamọ ajá. Bí ó bá gé wọn jẹ, kí wọ́n sọ. Ọmọ mìíràn a máa fi í pamọ́ nítorí ẹgba.

A ti ra ìwé kan báyìí, ìwé olójú-ewé 40, a fà á ní ìlà mẹ́rin: orúkọ ajá, orúkọ olówó rẹ̀, ojúlé, àti ọjọ́ abẹ́rẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ ọ́. Ajá mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ òní, Boerboel onílé wa ló ṣáájú. Ẹni tó ní ajá funfun tó máa ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ kíósìì ẹlẹ́ran ní ìyànà kò tíì wá. A rò pé ó wà láàárín wa níbí. Kí ó jọ̀ọ́ dúró díẹ̀ bí a bá ti ń túká, bírò wà lórí tábìlì.